Jókòó Kí Ó Tó Rẹ̀ Ọ́

Láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé oko Bàbá Àgbà, lọ́nà Idigny, ibi ìjókòó méje ló wà. Òun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ kùkùté igi mángòrò, ọ̀kan jẹ́ odó tó ti là tí ó da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ọ̀kan jẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tí òun àti Ìyá Àgbà fi odindi ọ̀sẹ̀ kan yí débẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lè rin ọ̀nà náà tán kí omi tó hó lórí iná. Bàbá Àgbà máa ń lò tó wákàtí kan, nítorí kò sí èyí tó máa fò nínú méjèèje. Ì báà rẹ̀ ẹ́, ì báà má rẹ̀ ẹ́, yóò jókòó, yóò di ojú, yóò mí, yóò sì dìde.

Àwa ọmọdé ilé máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, a ó máa sín in jẹ. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo máa ń fi ọwọ́ ti ìbàdí, mo máa ń rọra sọ ìdí kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́, mo máa ń mí bíi tirẹ̀ pàápàá, àwọn yòókù á sì rẹ́rìn-ín títí wọn á fi ṣubú. Bàbá Àgbà mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ṣàdédé yíjú padà, ó bá mi lórí kùkùté tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀, kò bínú, ó ní kí n sún díẹ̀ fún òun. Mo bi í pé, "Bàbá Àgbà, kí ló dé tí ẹ máa ń jókòó nígbà tí kò tíì rẹ̀ yín?"

Ó ní, "Mo máa ń jókòó kí ó tó rẹ̀ mí ni, Àbẹ̀kẹ́. Bí mo bá dúró dìgbà tó bá rẹ̀ mí, ó ti pẹ́ jù."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Ọdún tí mo fi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ju ọdún tí mo fi lóye rẹ̀ lọ, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí. Gbogbo abúlé ń pè é ní Bàbá Alápòótí, nítorí àpótí ìjókòó rẹ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ ọ̀wọ̀, kódà bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí i nígbà tí wọ́n ń pè é.

Wọn kò bí i pẹ̀lú àárẹ̀ yẹn o. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé nígbà tí òun fẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó lè bá a kọ ebè láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Okpomèta. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á bá a díje láàárọ̀, wọ́n á sì ti wá ọ̀nà àbáyọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní ọdún kan, láàárín òjò, ibà mú un. Ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibà lọ, àwọn èèyàn wá kí i pé ó kú ewu, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ sóko, ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n sì fi gbé e padà wálé. Àbúrò náà ni a ń pè ní Bàbá Kékeré. Wọ́n ní àjẹkù ibà ni. Ọdún yípo, àjẹkù ibà kò tán.

Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n gbàdúrà sí i lórí. Yóò sùn láti ìrọ̀lẹ́ títí àkùkọ á fi kọ, yóò sì jí bí ẹni tó ti kọ ebè mọ́jú. Nígbà mìíràn yóò mú ọkọ́ dání, yóò máa wò ó, kò ní rántí ohun tí wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á máa gún un lójú. Ìyá Àgbà ní òun bínú sí i lọ́jọ́ kan, òun bi í pé ṣé kò sùn ni. Ó dá òun lóhùn pé, "Mo sùn. Oorun náà ni kò dé ara mi."

Nígbà tó yá ó dẹ́kun wíwá oògùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn. Ebè mẹ́rin ni ìwọ̀n rẹ̀, lẹ́yìn náà ìjókòó, lẹ́yìn náà ebè mẹ́rin mìíràn, ó di ilé. Orí àpótí ló ti ń wẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ìdajì ló fi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Bí ìgbéyàwó bá wà ní ọjọ́ Sátidé, kò ní fọwọ́ kan àdá láti Ọjọ́bọ̀, kò sì ní gba àlejò kankan ní ọjọ́ Ajé. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ wò, yóò di ojú, yóò sì máa gbọ́ yín, nítorí pé ojú àti etí lẹ́ẹ̀kan náà máa ń pọ̀ jù fún un. Àwọn àlejò rò pé ìgbéraga ni. Katikíìsì ìjọ wa bá a jà nítorí pé kì í dìde nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé Ìhìn Rere. Ó ní kí ló dé tí gbogbo ìjọ á dúró, tí òun nìkan á jókòó bí ọba. Bàbá Àgbà ní, "Bí mo bá dúró gbọ́ ọ, mi ò ní lè rìn wá gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Katikíìsì kò dẹ́kun àtimáa wò ó níwò ìbínú.

Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú jù ni ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dé, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ á le. A ó rí i tí yóò kọ ebè mẹ́rin wéré, yóò sì jókòó. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gbé omi mímu lọ fún wọn. Òógùn bo Bàbá Kékeré látòkè délẹ̀, ó sì fi ọkọ́ tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń wò yín. Ara yín le lónìí! Ẹ dìde ká jọ parí ìlà yìí."

Bàbá Àgbà mi orí.

"Ẹ ẹ̀ dìde? Ẹ̀ ń tàn wá jẹ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń tàn wá jẹ."

Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ, wọn ò kí ara wọn fún odindi oṣù kan. Mo jókòó ti Bàbá Àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá Kékeré ló wọ̀ mí létí. Ó gba omi lọ́wọ́ mi, ó mu ún, ó ní, "Ọjọ́ tí ara mi bá yá ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ọjọ́ yẹn ló máa ń purọ́ fún mi."

Àáró ni àwọn àgbẹ̀ wa fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo yín á jọ lọ sí oko tèmi lónìí, gbogbo wa á jọ lọ sí oko tìrẹ lọ́la, títí á fi kárí. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, èèyàn burúkú ni. Bàbá Àgbà wà nínú ẹgbẹ́ náà láti ìgbà èwe. Ní ọdún kejì àárẹ̀ rẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jẹun lóko ẹnìkan, ó jókòó láàárín wọn, ó ní òun wá dágbére. Ó ní kí wọ́n má wá sí oko òun mọ́. Kò sí ẹni tó lé e. Láti ọjọ́ náà, oko rẹ̀ di ìwọ̀n ohun tí òun àti Ìyá Àgbà lè dá ṣe, ìyẹn ni pé kò tó nǹkan. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Èmi rò pé ohun tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ni ohun tó nira jù tí ọkùnrin kan ṣe ní abúlé wa, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni mo rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ fún wọn kò gùn: "Ohun tí mi ò lè san, mi ò ní jẹ ẹ́."

Mo wá dàgbà, mo lọ sílé ẹ̀kọ́, mo di olùtọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Lábúlé, dókítà ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó bá ti wọ aṣọ funfun. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Mo gbé Bàbá Àgbà sẹ́yìn alùpùpù mi, mo mú un lọ ṣe analíìsì, ìyẹn àyẹ̀wò: ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ìrìn àjò yẹn nìkan dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èmi kò sì ka ìyẹn kún ohunkóhun. Èsì jáde. Kò sí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo mú ìwé náà, mo gba ọ̀nà abúlé lọ.

Ọjọ́ àáró ni ọjọ́ náà, oko Bàbá Kékeré ni wọ́n wà. Mo lè dúró dìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà, kí n sọ ọ́ fún òun nìkan. Mi ò dúró. Mo yà sóko, mo na ìwé sókè lójú gbogbo wọn, mo ní, "Analíìsì ti jáde o. Kò sí nǹkan kan tó ṣe Bàbá Àgbà. Ìjókòó ló sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bó bá ń ṣiṣẹ́, agbára á padà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìdòwú, tó jẹ́ olórí àáró, ní, "Mẹsí, dókítà, a dúpẹ́! Ohun tí a ti ń sọ láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn." Bàbá Kékeré wò mí bí ẹni tí wọ́n dá láre nílé ẹjọ́. Èmi ni mo wá dá a lábàá pé kí wọ́n lọ sí oko Bàbá Àgbà lọ́jọ́ kejì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún un tán, kò ní lè gbà kí wọ́n ṣe é lásán.

Nígbà tó rí wọn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká lẹ́nu oko rẹ̀, èmi ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo pè wọ́n?" Mo ní èmi ni, mo sì fi ìwé hàn án. Ó wo ìwé náà pẹ́, òun tí kò mọ̀wé kà. Ó ní, "Ó dára."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ó lọ san án. Láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló fi kọ ebè lóko Bàbá Ìdòwú, kò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ó dá orin iṣẹ́ àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì gbè é. Mo fi tẹlifóònù mi ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí wa ní Kútọnù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo wò ó sàn. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òógùn ń dán lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè wò ó ju bí ẹni ṣẹ́jú lọ.

Ọjọ́ kejì ó jí, ó jẹun, mo yangàn padà sí Kétu. Ọjọ́ kẹta, kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fi aṣọ dí ojú fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀. Ìró ọmọ odó máa ń dùn ún nínú egungun, nítorí náà ilé kejì ni Ìyá Àgbà ti ń lọ gúnyán. Oṣù mẹ́ta ló lò nínú yàrá yẹn. Nígbà tó jáde, kùkùté mángòrò, ìyẹn ibi ìjókòó àkọ́kọ́, ni ó lè rìn dé, kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Oko rẹ̀ di igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dá a dùbúlẹ̀, yóò ní, "Orí kunkun mi ni." Kò dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi sì ṣì ń sọ fún un pé kó gbìyànjú kó dìde nígbàkígbà tí mo bá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ó lé ní ọdún kan kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n pè wá sí fọ̀màsíọ̀n, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ní Pobè, dókítà obìnrin kan sì ń ṣàlàyé àìsàn kan fún wa. Ó ní ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibà, kí ibà lọ kí okun má padà. Oorun kì í dé ara ẹni tó ní in. Ọpọlọ rẹ̀ á máa wúwo, ọ̀rọ̀ á máa sọnù lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ṣe ju agbára rẹ̀ lọ lónìí, ó lè jẹ́ lọ́la tàbí ọ̀tunla ni ara á gbẹ̀san, nígbà mìíràn kò sì ní bọ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ní àyẹ̀wò tí a ń ṣe lè mọ́ kedere. "Bí analíìsì ò bá rí àìsàn, ìyẹn ò sọ pé aláìsàn ń purọ́. Ẹ má tì í kó ṣiṣẹ́, ẹ má tì í kó rìn. A ò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn. Ohun tí a lè ṣe ni pé kó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kó máa sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kó má sì ná gbogbo ara lọ́jọ́ tí ara bá yá."

Àwọn tó jókòó tì mí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bíìkì ìkọ̀wé mi dúró lórí ìwé. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí, lórí kùkùté mángòrò, lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀wé kà, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ máa rò pé mo gun alùpùpù tààrà lọ bá a. Mo lọ, lóòótọ́. Mo ra ṣúgà, mo ra ọṣẹ. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá máa sinmi dáadáa. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti rí nǹkan ni, mo ní rárá, ọjọ́ orí ni. Irọ́ ni mo pa. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, Bàbá Ìdòwú á gbọ́, gbogbo àáró á gbọ́, wọn ò ní gbà mí gbọ́ mọ́ nígbà tí mo bá ní kí wọ́n gbé ọmọ wọn wá gba àjẹsára. Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ẹlẹ́tàn, bí wọ́n ti ń pè é.

Oṣooṣù ni mo ń lọ. Oṣooṣù ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ tí mo ń gbé e bọ̀. Lẹ́ẹ̀kan mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Bàbá Àgbà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ àáró yẹn..." Ó la ojú tó ti dì, ó yí ojú sí mi pátápátá, ó dúró. Mo ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀, ó ní, "Jókòó kí ó tó rẹ̀ ọ́." Mo jókòó.

Ikọ́ ló pa á, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí tó ti pọ̀. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn ẹgbẹ́ àáró wá sí ilé wa, wọ́n jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé, olúkúlùkù wọn sì ń sọ ohun tó rántí nípa rẹ̀. Bàbá Ìdòwú ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni olóògbé, kò jà, kò jalè. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ wa dókítà tì í dìde, ẹ rí ohun tó ṣe lóko mi! Agbára wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kí Ọlọ́run dárí ọ̀lẹ jì í. Dókítà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú, wọ́n sì ṣe àmín. Bàbá Kékeré náà ṣe àmín. Gbogbo wọn yíjú sí mi kí n lè dáhùn ìdúpẹ́ náà.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá Àgbà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni. Ó ní orúkọ, wọ́n sì kọ́ mi nípa rẹ̀ ní Pobè, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ìjókòó yẹn ni oògùn rẹ̀. Èmi ni mo gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo yín, lóko Bàbá Kékeré. Ọjọ́ tí ẹ̀ ń yìn yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí kò lè kọjá kùkùté mángòrò mọ́. Mo sì mọ̀, mo sì dákẹ́."

Bàbá Ìdòwú ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Bàbá Kékeré bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbà, mo kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ṣọ lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló fà mí láṣọ. Ó jókòó lórí àpótí Bàbá Àgbà, ojú rẹ̀ sì gbẹ. Ó ní, "Ó mọ̀ pé o mọ̀, Àbẹ̀kẹ́."

Mo ní, "Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

"O dẹ́kun sísọ fún un pé kó dìde. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí alùpùpù rẹ bá ti dún lójú ọ̀nà, á ní kí n gbé òun jókòó, á ní, 'Bóyá òní ni yóò sọ ọ́.'" Ó sún lórí àpótí náà títí àyè ẹnìkan fi kù. "Bí o bá sì ti lọ tán, tí inú bá ń bí mi, á ní, 'Fi í sílẹ̀. Kò tíì lè gbé e. Jẹ́ kó sinmi ná.'"